Ọkọ Mi Ń Yan Ọkọ̀

Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn tí jíà ọkọ̀ wa àtijọ́ kú sójú ọ̀nà
pẹ̀lú màlúù mẹ́sàn-án nínú tírélà,
Lowell aládùúgbò já wa sílẹ̀ ní Miles City.
Verlin fi pẹ́ńsù há etí.
Òtútù ń buni jẹ bí ajá tí a kò mọ̀.

Mẹ́rin ló tò síwájú ilé ìtajà, ọmọ ìyá kan náà:
ẹ́ńjìnì kan, dísẹ́ẹ̀lì kan náà ni wọ́n ń mu,
táyà méjì-méjì lẹ́yìn bí ẹsẹ̀ erin.
Aṣọ ọrùn wọn ló yàtọ̀.
Colter ọmọ Brandvold, tí mo gbé lọ́wọ́ lọ́jọ́ ìrìbọmi rẹ̀,
òun ló ń tà wọ́n, nínú bàtà tí kò tẹ ìgbẹ́ màlúù rí.
Ó ní àkàsọ̀ ni, ẹ máa gùn ún díẹ̀díẹ̀.

Àkọ́kọ́: rọ́bà nílẹ̀, aṣọ lórí ìjókòó,
omi lẹ ó fi ṣan inú rẹ̀ bí ẹní ṣan ilé adìẹ.
Ìkejì, irin iwájú rẹ̀ ń dán.
Ìkẹta: awọ. Awọ gidi.
Verlin ní, "A ní awọ nílé, ó ṣì ń jẹko."
Ìkẹrin, áà,
òrùlé rẹ̀ jẹ́ dígí, èèyàn lè jókòó ka ìràwọ̀;
ìjókòó rẹ̀ ń tẹni lẹ́yìn bí ọwọ́ agbẹ̀bí.
Ọkọ mi ní ọkọ́ ni ọkọ̀, kì í ṣe ọ̀ṣọ́.

"Ẹ wọlé, Ardis." Colter tẹ bọ́tìnì kan.
Ooru gba abẹ́ mi wọ ìbàdí,
ìbàdí tí mo fi fa ọmọ màlúù jáde fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n
ní òru tí itọ́ ń dì kó tó kanlẹ̀.
Mo dijú. Bí ẹ bá bi mí, n ó ní mi ò dijú.

Ní ìta, ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn,
ó ń ka bébà pélébé tí ẹnikẹ́ni kì í kà.
Àkọ́kọ́ lè ru ẹgbàajì pọ́n-ùn.
Ìkẹrin, ẹgbẹ̀rìndínlógún.
Ó ṣírò ó sórí àtẹ́lẹwọ́:
ẹgbẹ̀rin ti lọ, ó ti di dígí, ó ti di awọ.
"Ọkọ̀ tó ti ru ara rẹ̀, ẹrù ta ni yóò tún rù?"

Síbẹ̀, ó rí ojú mi.
Ó bi Colter bóyá wọ́n lè fi ooru nìkan
sórí ìjókòó kan ṣoṣo, ti apá ọ̀tún, nínú ti àkọ́kọ́.
Rárá. Ẹni tó fẹ́ iyọ̀ ní láti ra ìkòkò,
kó ra àdògán, kó ra ilé ìdáná mọ́ ọn.
Owó ọmọ màlúù méjìlá.
Verlin dákẹ́. Mo mọ ìdákẹ́ yẹn:
ó ń tà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan nínú ọkàn rẹ̀, ó ń dárúkọ wọn.

Èmi ni mo sọ̀ kalẹ̀.
Kì í ṣe ìwà rere. Nígbà tí mo lajú ni mo rí i:
àpótí kan wà láàrin ìjókòó méjèèjì,
ó ga dé ìgúnpá, ihò ife mẹ́rin ló wà lórí rẹ̀.
Ìjókòó ti àkọ́kọ́, bẹ́ǹṣì ni,
gbọọrọ láti ilẹ̀kùn dé ilẹ̀kùn.
Mo ní, "Eléyìí."
Colter wò mí bí ẹni tí òtútù ti mú lórí.

Lọ́nà ilé, Verlin yà níbi tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ ẹran,
ó gbé tìmùtìmù oníná kan jáde, dọ́là mọ́kàndínlógójì.
Wáyà rẹ̀ kò gùn.
Mo ní láti sún sáàárín kó tó kan ojú iná.
Mo sún. Ejìká rẹ̀ ń rùn dísẹ́ẹ̀lì àti koríko gbígbẹ.
Kò sọ nǹkan kan.
Lẹ́yìn wa, ẹgbàajì pọ́n-ùn òfìfo
ni à ń rù lọ sílé.